Ìbò Ẹni Tí Kò Nílẹ̀

Ní ìlú Monrovia tí í ṣe olú-ìlú Làìbéríà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó yọ sínú omi bí ahọ́n. Òkun Àtìláńtíìkì ni ó wà ní apá kan rẹ̀, odò Mesurado sì wà ní apá kejì. West Point ni wọ́n ń pè é. Ilé onípáànù ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì fún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì tí ó bá pàdé láàárín ilé ní láti fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára wọn. Àwọn apẹja Kru ń fi ọkọ̀ kékeré tí kò gbà ju ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ wọ òkun. Àwọn Fante tí wọ́n ti ilẹ̀ Gánà wá ń lo ọkọ̀ ńlá tí ó ní ẹ́ńjìnnì. Àwọn obìnrin ni ó ń gba ẹja létíkun, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà Waterside tí kò jìnnà. Ẹni tí ó bá mọ Mákòókò ní Èkó kò ní pẹ́ kí ó tó lóye irú àdúgbò tí ó jẹ́.

Iye ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ àríyànjiyàn. Nígbà tí ojú gbogbo ayé wà lára West Point ní ọdún 2014, àwọn oníròyìn kan ń kọ ọ́ pé 50,000 ni wọ́n, àwọn mìíràn ń kọ 75,000. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjèèjì kì í ṣe kékeré, nítorí pé iye orí ni ìwé òfin Làìbéríà ní kí wọ́n máa fi pín ẹkùn ìdìbò. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún le ju ọ̀rọ̀ iye orí lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará West Point ni kò ní ìwé ilẹ̀ kankan lọ́wọ́. Lójú ìjọba, àwọn tí ó kàn tẹ̀dó síbẹ̀ ni wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí sì ti so mọ́ ìtàn ìdìbò wọn tímọ́tímọ́.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó dá Làìbéríà sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1847 wo ilé kí wọ́n tó kọ orúkọ olùdìbò. Ènìyàn dúdú tí ó ti Amẹ́ríkà padà wá ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣe ẹrú rí, tàbí kí ó jẹ́ àwọn òbí wọn ni ó ṣe é. Ìwé òfin tí wọ́n kọ fún ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí ó sì ní dúkìá ilẹ̀ tàbí ilé, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kúrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe pọ̀. Obìnrin kò sí lára àwọn tí ó kàn. Àwọn Kru, Bassa, Vai, Kpelle àti àwọn ẹ̀yà yòókù tí àwọn àtìpó bá lórí ilẹ̀ náà kò sí lára wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlejò di onílé, onílé sì di àlejò ní ìlú baba rẹ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú True Whig ni ó ṣe ìjọba láti ọdún 1878 títí di ọdún 1980 láìkúrò lórí àga. Ìbò ọdún 1927 fi irú ìjọba tí ó jẹ́ hàn. Àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó 15,000, ṣùgbọ́n ìbò tí wọ́n kéde fún Charles King nìkan lé ní 200,000. Ìwé Guinness tí ó máa ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ohun tí ó ga jùlọ láyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìbò tí èrú pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fi í rẹ́rìn-ín títí di òní. Ohun tí ẹ̀rín náà máa ń bò mọ́lẹ̀ ni pé àwọn tí òfin sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dìbò ni ó dàbí ẹni pé wọ́n fi orúkọ wọn dìbò ní ọdún náà.

William Tubman gorí àga ní ọdún 1944. Ní ìgbà tirẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ìdìbò dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, àti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ó ń san owó orí lórí ilé wọn. Ọdún 1951 ni wọ́n kọ́kọ́ bá wọn dìbò yan ààrẹ. Ní ọdún kan náà ni Didwho Twe, ọmọ Kru, jáde láti bá Tubman du ipò. Wọn kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ kópa nínú ìbò náà, òun fúnra rẹ̀ sì sá lọ sí Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní Sàró. Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn ìdìbò sílẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n dúkìá ṣì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Àárín àkókò yìí gan-an ni West Point ń kún. Ní ọdún 1948 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá Monrovia. Iṣẹ́ wà létí omi, àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wá láti ìgbèríko àti láti etíkun. Iyanrìn tí ọlọ́rọ̀ kò fẹ́ ni àwọn tí kò lówó ń kọ́lé sí. Kí òǹkàwé fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó ń yan ẹja níbẹ̀ ní ọdún 1979. Ó ti bímọ márùn-ún. Ó ń san owó yàrá lóṣooṣù, ó ń san owó ọjà lójoojúmọ́, bóyá òun ni ó sì ń bọ́ ilé. Bí ọjọ́ ìbò bá pé, kò sí ohun tí ó kàn án níbẹ̀, nítorí pé òfin kò ka pẹpẹ tí ó ń yan ẹja sí dúkìá.

Ọdún 1979 yìí ni ọ̀rọ̀ náà tú sí gbangba. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, ìwọ́de lórí owó ìrẹsì tí ìjọba fẹ́ fi kún di rògbòdìyàn ìgboro ní Monrovia. Ìrẹsì ni fún ará Làìbéríà bí iyán ti jẹ́ fún ará Èkìtì. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ lóòjọ́ yóò sọ pé òun kò tíì jẹun. Àwọn agbófinró yìnbọn lu àwọn ènìyàn, ó kéré tán ẹni 40 ni ó kú. Ìbò yíyan méyọ̀ ìlú Monrovia ń bọ̀ lọ́nà lọ́dún náà. Amos Sawyer, olùkọ́ ní Yunifásítì Làìbéríà, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní MOJA, ní òun yóò du ipò náà láìdúró lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹni tí ẹgbẹ́ True Whig fà kalẹ̀ ni Chu Chu Horton. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ti bá ẹgbẹ́ ìjọba du ohunkóhun ní gbangba ní ìlú náà, orí àwọn ọ̀dọ́ sì wú.

Nígbà náà ni àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, ta gan-an ni yóò dìbò? Òfin dúkìá ṣì wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá tẹ̀lé e, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ará Monrovia ni yóò yan méyọ̀ fún gbogbo ìlú. Àwọn tí ó ń gbé West Point, tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ sí àárín ìlú, yóò kàn máa wòran ni. Àwọn alátìlẹ́yìn Sawyer pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Ìjọba ààrẹ William Tolbert wò ó síwá, wò ó sẹ́yìn, ó sún ìbò náà sí oṣù Kẹfà ọdún 1980. Oṣù Kẹfà ọ̀hún kò bá Tolbert láyé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún náà ni Samuel Doe àti àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìjọba, tí wọ́n sì pa á. Ìbò méyọ̀ náà kò wáyé mọ́.

Ó jẹ́ ohun ìyanu pé abẹ́ ìjọba ológun yìí ni òfin dúkìá kú sí. Sawyer kan náà ni alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ àbá ìwé òfin tuntun tí àwọn ará ìlú dìbò fọwọ́ sí ní ọdún 1984. Ìwé náà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18 ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, yálà ó nílé tàbí kò nílé. Nítorí náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1985, obìnrin aláyanja yẹn lè tò lórí ìlà pẹ̀lú ẹni tí ó ni ilé alájà. Ohun tí ó rí gbà kò dùn ún sọ. Olórí àjọ ìdìbò yan ìgbìmọ̀ ẹni 50 láti lọ ka ìbò ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì kéde pé Doe ní ìdá 50.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Jackson Doe, tí orúkọ nìkan pa wọ́n pọ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó wọlé.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989. Òǹkàwé ní Nàìjíríà mọ apá yìí ju apá yòókù lọ nítorí àwọn sójà ECOMOG tí wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí kò padà wálé mọ́. Nígbà tí ìbò dé ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1997, Charles Taylor ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbẹ̀rù pé ogun yóò tún bẹ̀rẹ̀ bí ó bá fìdí rẹmi ni ó ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí pé ogun ti tú àwọn ará ìlú ká, wọ́n sọ gbogbo orílẹ̀-èdè di ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo, wọ́n sì pín àga fún ẹgbẹ́ òṣèlú gẹ́gẹ́ bí ìbò tí wọ́n ní. Kò sí aṣojú kan tí ará West Point lè nàka sí pé tiwa nìyí.

Ọdún 2005 ni ẹkùn ìdìbò padà. Taylor ti lọ sí Calabar ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003. Lára àwọn tí ó jáde láti du ipò ààrẹ ni George Weah, agbábọ́ọ̀lù tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ tó ga jùlọ láyé ní ọdún 1995. Clara Town ni ó dàgbà sí, àdúgbò àwọn tálákà ní òdìkejì omi sí West Point. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ West Point irú ẹni tí Weah jẹ́. Wọ́n mọ irú yàrá tí ó sùn sí rí. Ó gba ìdá 28.3 ní ìpele kìíní, ó borí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Ellen Johnson Sirleaf fi ìdá 59.4 borí rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Ẹ̀hónú pọ̀ ní Monrovia lẹ́yìn ìbò náà, ó sì pẹ́ kí ó tó rọ̀.

Ìkànìyàn ọdún 2008 sọ pé àwọn ará Làìbéríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Ìwé òfin ní kí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 20,000 ènìyàn, ìwé kan náà sì ní àga kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Ìṣirò méjèèjì kò bára mu. Àwọn aṣòfin jà lórí rẹ̀ pẹ́, kí wọ́n tó fi àga 73 parí ọ̀rọ̀ ní ọdún 2010. Àgbègbè Montserrado, tí Monrovia wà nínú rẹ̀, gba 17. West Point bọ́ sí ẹkùn keje pẹ̀lú àwọn àdúgbò mìíràn láàárín ìlú. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n 20,000 ni wọ́n tẹ̀lé, tí iye tí àwọn oníròyìn ń pè sì jẹ́ òtítọ́, West Point nìkan ìbá ní aṣojú méjì tàbí mẹ́ta. Solomon George, ọmọ ẹgbẹ́ CDC tí Weah dá sílẹ̀, ni ẹkùn náà rán lọ sí ilé aṣòfin ní ọdún 2011, wọ́n sì tún rán an lọ ní ọdún 2017.

Ṣùgbọ́n ìbò West Point ní ibi tí agbára rẹ̀ dé. Wọ́n lè bá wọn yan ààrẹ, wọ́n lè yan aṣòfin. Kọmíṣánnà tí ó ń ṣe olórí West Point fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ààrẹ ni ó ń yàn án. Yorùbá mọ irú ipò yìí láti ayé Ọ̀yọ́: ajẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe baálẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rán ajẹ́lẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń kọ sí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Làìbéríà gbà pé ààrẹ lè yan àwọn méyọ̀ pẹ̀lú, nítorí ìjọba sọ pé kò sí owó láti fi ṣe ìbò ìbílẹ̀. Láti ìgbà tí ogun parí ní ọdún 2003 títí di ìbò ọdún 2023, kò sí ìbò ìbílẹ̀ kankan. Ìyà òfin dúkìá ti kúrò, ṣùgbọ́n ohun tí Sawyer fẹ́ dù ní ọdún 1979 kò tíì padà sọ́wọ́ àwọn ará ìlú.

Àrùn Ẹ̀bólà ni ó fi bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí hàn kedere. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìjọba sọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní West Point di ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fura sí sí. Àwọn ará àdúgbò kò mọ̀ sí i dáadáa, wọ́n sì gbọ́ pé láti àdúgbò mìíràn ni wọ́n ti ń kó aláìsàn wá bá wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, ọ̀pọ̀ èrò ya wọ ibẹ̀, àwọn aláìsàn sá jáde, àwọn kan sì kó tìmùtìmù àti ẹrù lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni West Point jí rí wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti àwọn sójà ní ojú ọ̀nà, àti ọkọ̀ ológun lórí omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Apẹja kò lè wọ òkun, aláyanja kò lè dé Waterside.

Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ni pé àwọn agbófinró wá mú kọmíṣánnà àti ẹbí rẹ̀ jáde kúrò láàárín ìséde. Àwọn èrò rí i. Wọ́n sọ òkò, àwọn sójà yìnbọn, ọmọkùnrin ọdún 15 kan sì kú nínú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ẹ̀mí ni ó mú kọmíṣánnà jáde, a kò lè dá a lẹ́bi ìyẹn. Àmọ́ olórí tí àwọn ènìyàn fúnra wọn bá fi ìbò yàn yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gba ẹ̀yìn wáyà kọjá lójú àwọn tí ó yàn án. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà ni wọ́n ká wáyà kúrò, kò sì pé ọjọ́ 21 tí wọ́n kọ́kọ́ sọ.

Àrùn náà kò tíì tán nígbà tí wọ́n dìbò yan àwọn sẹ́nétọ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn olùdìbò ń fọ ọwọ́, wọ́n ń jìnnà sí ara wọn lórí ìlà, wọ́n sì ń yẹ ara wọn wò bóyá ó gbóná. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin péré àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ni ó jáde ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní Montserrado, Weah ní ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Robert Sirleaf, ọmọ ààrẹ, kò ju nǹkan bí ìdá 11 lọ. Weah ti gbajúmọ̀ ṣáájú wáyà ẹlẹ́gùn-ún, kò sì ní bójú mu láti sọ pé ìséde ni ó sọ ọ́ di sẹ́nétọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjèèjì pọ̀ ju ohun tí òkìkí bọ́ọ̀lù nìkan lè ṣàlàyé lọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, Weah fi ìdá 61.5 borí Joseph Boakai, ó sì di ààrẹ. Ètò tí ó gbé kalẹ̀, ti àwọn tálákà ni ó pè é. Àwọn ará West Point tò láti gbà á. Àṣẹ kọmíṣánnà kò kúrò lọ́wọ́ ààrẹ. Ọwọ́ tí ó ń yàn án nìkan ni ó yí padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Boakai padà borí Weah pẹ̀lú ìbò 20,567 péré ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Èyíkéyìí tí òǹkàwé bá gbà nínú iye orí West Point, iye yìí kéré sí i. Ẹni tí kò lè dìbò nítorí pé kò nílẹ̀ ní ọdún 1979 ti wà lára àwọn tí ó lè gbé ààrẹ gorí àga tàbí kí ó gbé e kúrò.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò dúró. Òkun ti ń jẹ West Point láti ọdún pípẹ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ni ó ti lọ, ibi tí àwọn àgbà ti gbá bọ́ọ̀lù rí ti di omi. Ìjọba kó àwọn kan tí ilé wọn wó lọ sí Brewerville ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí kò sí ọjà Waterside nítòsí. Àwọn mìíràn kàn sún ilé wọn wọ inú ni. Ní ọdún 2021, Green Climate Fund fọwọ́ sí owó fún ògiri tí yóò dá òkun dúró ní etí West Point. Ìwé òfin ní ẹkùn tí ènìyàn bá ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ni ó ti lè dìbò, èyí sì ni àwọn olóṣèlú kan ń lò nígbà tí wọ́n bá fi ọkọ̀ kó àwọn ènìyàn láti ẹkùn kan lọ forúkọ sílẹ̀ ní òmíràn. Òkun náà ń kó àwọn olùdìbò lọ, láìgba owó ọkọ̀. Ìbò ààrẹ tí ó kàn ni ti ọdún 2029. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wó sínú omi kí ìgbà náà tó dé, ibi tí ó bá rí sùn sí ni yóò ti lọ forúkọ sílẹ̀, yálà ẹkùn keje ni tàbí ẹkùn mìíràn.